Òkèlè Àkọ́kọ́ ní Bẹyẹrúnkà

Ìyẹ́ adìyẹ ló bo Kúlúsúmù láti orí dé ìgúnpá lọ́jọ́ tí Yésúfù kọ́kọ́ rí i. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn ní Bẹyẹrúnkà, omi gbígbóná ń rú èéfín nínú ìkòkò níwájú rẹ̀. Ó ń tu ìyẹ́ àkùkọ kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń bá a sọ láti inú ilé. Ìyẹ́ funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn lójú, kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Yésúfù tó ń sáré bọ̀ láti Orítamẹ́rin dúró gbagidi, ó sì gbàgbé ohun tó ń sáré wá kiri.

Ohun tó ń wá kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí rélùwéè ti wọ Ìbàdàn ni àwọn òyìnbó ti ń gba Èkó wá wo ìlú wa. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á wá dé, wọ́n á la ẹnu sílẹ̀ bí wọ́n bá rí òrùlé tó tẹ́ lọ láti Òkè Màpó títí ojú ò fi lè tó o mọ́. Èmi ò bá wọn wí. Ta ló rí ìlú tó tóbi báyẹn tí kò ní la ẹnu?

Ilé àlejò kan wà nítòsí ibùdókọ̀ tí wọ́n ń dé sí, Yésúfù sì ni ògbufọ̀ ibẹ̀. Ọmọ mùsùlùmí Ọjà'ba ni, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilé ìwé ìjọ ní Àrẹ̀mọ kó lè gbọ́ èdè òyìnbó. Wọ́n ń pè é ní Joseph níbẹ̀, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà. Ó fẹ́ràn kóòtù funfun tí Ọ̀gá ilé àlejò fún un pẹ̀lú, àní ó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àpótí oúnjẹ inú agolo tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn àlejò ti ṣẹ́kù sí Èkó. Ebi ń pa àlejò, inú ń bí Ọ̀gá, adìyẹ ni Yésúfù sì ń wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Yésúfù wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè ta àkùkọ yẹn fún mi?"

Kúlúsúmù gbójú sókè. "A kì í tajà níbí. Adìyẹ ìkómọ ni. Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Àwọn òyìnbó kan ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè, kò sì sí oúnjẹ nílẹ̀."

"Ta ló máa wá sè é?"

Yésúfù ò tíì ronú débẹ̀. "Èmi ni," ló fi dáhùn.

Kúlúsúmù wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wo kóòtù funfun, ó wo bàtà dídán, ó wo ọwọ́ tí èéfín ò fọwọ́ kàn rí. Ó bú sẹ́rìn-ín débi tí ìyẹ́ funfun yẹn fi fò kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ máa pa àwọn èèyàn elééyàn ni o. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde wá gbọ́."

Ràbíátù, ìyá rẹ̀, jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Alásè ni obìnrin yìí. Kò sí ìkómọ tàbí ìgbéyàwó kan tó nítumọ̀ láti Bẹ̀rẹ̀ dé Òkè Pádre tí wọn kì í wá bẹ̀ ẹ́ kó wá dáná rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bèèrè bóyá òyìnbó ni tàbí Nupe.

"Ṣé ìlú wa ni wọ́n wà? Àlejò wa ni wọ́n nìyẹn," ni ó wí. "Ẹ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́. Oúnjẹ ń bọ̀."

Ìkómọ ọjọ́ yẹn gba adìyẹ mìíràn. Iyán tó funfun báláú, tó rọ̀ dáadáa, àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi adìyẹ àti ẹja àrọ̀ sè, ni Yésúfù rù dé ilé àlejò. Òyìnbó àgbàlagbà kan kọ́kọ́ fi ṣíbí tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò. Nígbà tó yá, ó ju ṣíbí sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ jẹ ẹ́, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń bèèrè bóyá ó kù. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ti ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ àlejò wá láti Bẹyẹrúnkà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ Yésúfù ṣe di ẹsẹ̀ Bẹyẹrúnkà. Bí àlejò bá wà, ó dé. Bí àlejò ò sí, ó tún dé, yóò ní òun wá wò bóyá àlejò yóò wà lọ́la.

"Àlejò ti dé," ni Kúlúsúmù máa ń wí fún ìyá rẹ̀ bó bá ti rí i lókèèrè. "Òun náà nìkan ló kó ara rẹ̀ wá."

"Mo kàn ń kọjá lọ ni."

"Lọ síbo? Ọ̀nà tó gba ibí kọjá ò lọ síbi kankan." Yóò sì ti fi àpótí ìjókòó kékeré rẹ̀ fún un kó tó sọ ọ́ tán.

Ohun tó fẹ́ràn láti gbọ́ lẹ́nu Yésúfù ju ohun gbogbo lọ ni ohun tí àwọn àlejò sọ nípa oúnjẹ. Yóò kọ́kọ́ ní kó sọ ọ́ ní èdè òyìnbó, yóò dijú, yóò fetí sí i bí ẹní ń gbọ́ orin, lẹ́yìn náà yóò ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Tí wọ́n bá délé wọn, ṣé wọ́n á sọ ọ́?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n á sọ ọ́. Òyìnbó kì í dákẹ́ tó bá ti ìrìn àjò dé. Wọ́n á ní àwọn dé ìlú kan tó ń jẹ́ Ìbàdàn, obìnrin kan sì wà níbẹ̀."

"Wọ́n á ní obìnrin kan ṣe báwo?"

"Wọ́n á ní ọbẹ̀ rẹ̀ dùn." Yésúfù wò ó. "Èmi ló máa sọ ìyókù."

Kúlúsúmù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu. "Ṣé o mọ̀," ló wí jẹ́jẹ́, "èmi ò kọjá Ìwó rí láyé mi. Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ń lọ, àwọn tó ń lọ Èkó ń lọ. Bí ọbẹ̀ mi bá lè dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé, ó tó mi."

Ibẹ̀ gan-an ni Yésúfù ti mọ̀ pé òun ò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ó sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kó àwọn àgbà lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ Àkíbù, bàbá Kúlúsúmù. Aránṣọ ni Àkíbù, iṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe sí ọrùn agbádá làwọn ìjòyè fi ń mọ ara wọn lọ́jọ́ ọdún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó fẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ní òun fẹ́. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn ọdún Iléyá.

Ó kù díẹ̀ kí Iléyá pé ni obìnrin òyìnbó kan dé. Agboòrùn rẹ̀ kò kúrò lórí rẹ̀ rí, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, nítorí náà Ìyá Alágboòrùn ni ìlú ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rin ìlú kiri láyé, kó padà sílé, kó sì dúró nínú gbọ̀ngàn ńlá sọ ohun tó rí fún èrò. Ó ní òun ò fẹ́ jẹun nílé àlejò, àárín ìlú lòun fẹ́ jókòó sí. Àkíbù sì ní kí wọ́n mú un wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun.

Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n to àga. Ìyá Alágboòrùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, àwọn àgbà agboolé jókòó, Japheth náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ ni Japheth ní Àrẹ̀mọ, òun àti Yésúfù jọ jókòó lórí àga kan náà nílé ìwé. Kúlúsúmù gbé àwo dé, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Alágboòrùn, ó bu òkèlè kan nínú iyán rẹ̀, ó fi run ọbẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé yín mọ ohun tó ṣe. Ẹni tó dáná ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú àlejò. Ó ń wí pé kò sí ewu níbẹ̀, bí ewu bá wà, èmi ni kó kọ́kọ́ mú. Ilé àlejò ni wọ́n ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, Kúlúsúmù kì í bá wọn débẹ̀, nítorí náà kò sí òyìnbó kan tó rí i rí títí di ọjọ́ náà.

Ìyá Alágboòrùn fajú ro. Ó yíjú sí Yésúfù, ó bi í ní èdè wọn pé kí ló dé tí ọmọbìnrin yìí ń jẹ nínú àwo òun.

Gbólóhùn kan péré ni ìdáhùn rẹ̀ ì bá jẹ́. Yésúfù mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyá rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò lójú rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn òyìnbó yẹn tẹjú mọ́ ọn, ojú tì í. Ó tún kóòtù funfun rẹ̀ ṣe. Ó rò pé bí òun bá ní àṣà wa ni, wọ́n á ní ará oko ni wá, wọ́n á sì ní ará oko ni Joseph náà.

"Ẹ má bínú, màámù," ni ó wí ní èdè òyìnbó. "Ọmọ ọ̀dọ̀ lásán ni. Ebi ló ń pa á, kò sì mọ̀wà hù."

Àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ìyá Alágboòrùn ní kò burú, kí ọmọ náà jẹ sí i. Kúlúsúmù rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn.

"Kí ni wọ́n wí?" ni ó sọ sí Yésúfù létí.

"Wọ́n ní oúnjẹ náà dùn."

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ, Japheth fà á sẹ́yìn. "Yésúfù, kí lo sọ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tí wọ́n bá dé Èkó, wọ́n á ti gbàgbé."

Wọn ò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wọ rélùwéè pẹ̀lú wọn, ó wọ ọkọ̀ òkun, ó la agbami kọjá, ó sì gúnlẹ̀ ní èbúté. Iléyá dé, ó sì kọjá. Àìsàn ìyá Yésúfù ló jẹ́ kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú, ara ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni nígbà tí àlùfáà òyìnbó kan, tó ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta, tó ń sọ Yorùbá bí Ẹ̀gbá, ti ìsinmi dé láti ilẹ̀ wọn. Ó gba Ìbàdàn kọjá, ó sì ní kí Yésúfù mú òun lọ jẹun ní Bẹyẹrúnkà. Àkíbù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ránṣọ.

Kúlúsúmù kúnlẹ̀, ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́. Àlùfáà náà kí i dáadáa, ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, inú mi dùn pé mo rí i fúnra mi," ni ó wí. "Mo wà nínú gbọ̀ngàn kan ní Lífápúùlù tí obìnrin kan ti ń ròyìn ìlú yín. Ó ní oúnjẹ Ìbàdàn dùn, ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn tó ń sè é débi pé wọ́n ń jẹ nínú àwo àlejò. Èrò rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ dìde láti sọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà pọ̀ jù. Obìnrin náà ní ògbufọ̀ ọmọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ló sọ fún òun."

Kúlúsúmù rọra yíjú sí Yésúfù. "Kí lẹ sọ fún wọn?" ni ó bi í, bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí.

Èdè méjèèjì ló sá fún Yésúfù.

Àkíbù fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú aṣọ, ó ká aṣọ náà. "Bó o bá pè mí ní tálákà, mo lè fara mọ́ ọn," ni ó wí. "Ilé mi lo pè ní ilé ebi. Ìlú bàbá rẹ lo pè ní ìlú ebi, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò ti lè dá wọn lóhùn. Sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá kó ohun tí wọ́n gbé wá fún ọmọ mi."

Bí ìgbéyàwó ṣe túká nìyẹn. Èmi náà bínú sí Yésúfù, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àánú á ṣe é. Kò jẹun, kò sì sùn. Nígbà tó pàdé Kúlúsúmù lọ́nà odò, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀.

"Ẹ dìde," ni Kúlúsúmù wí. "Ẹ̀ ń ba aṣọ òyìnbó jẹ́."

"Kúlúsúmù, bú mi. Lù mí."

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kọ́ ló dùn mí jù." Omi dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín lọ." Ó gbé omi rẹ̀, ó lọ.

Ilé àlejò padà sórí agolo. Àwọn àlejò ń jẹ ẹ́, wọ́n ń yínmú, Ọ̀gá ń kùn. Ibi tí nǹkan dé nìyí nígbà tí Ìyá Alágboòrùn tún dé, tòun ti èrò tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní òun ti sọ fún gbogbo wọn pé kò sí ọbẹ̀ tó dà bíi ti Bẹyẹrúnkà, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá. Ọ̀gá pe Yésúfù, ó ní bí oúnjẹ náà ò bá sí, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Yésúfù lọ dọ̀bálẹ̀ fún Àkíbù, kò sì lè bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó kàn sọ pé àlejò dé. Àkíbù ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Inú ilé ni ohùn Kúlúsúmù ti wá.

"A máa sè é, Bàbá. Àlejò ìlú ni wọ́n, àwọn kọ́ ló ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún ògbufọ̀ pé mi ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ lójú wọn mọ́. Ebi ò pa mí."

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọwọ́ Kúlúsúmù kì í ṣe ọwọ́ lásán. Iyán wà níbẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi ewé eéran pọ́n wà níbẹ̀, òórùn ewé náà gba agboolé kan. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà níbẹ̀, àti ẹran ìgbẹ́ tó rọ̀ tó ń ya fúnra rẹ̀, àti wàrà tí àwọn Fúlàní gbé wá láàárọ̀. Ó to gbogbo rẹ̀ síwájú àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àkíbù, ó tò ó síwájú àwọn àgbà. Ó sún sẹ́yìn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà.

Kò sẹ́ni tó jẹun. Àwọn àgbà wo oúnjẹ, wọ́n wo Kúlúsúmù, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn sórí itan. Ta ni yóò jẹ oúnjẹ tí ẹni tó sè é ò fẹnu kàn? Àwọn òyìnbó rí i pé àwọn onílé ò jẹun, àwọn náà dá ṣíbí wọn dúró lọ́wọ́. Ọbẹ̀ ń rú èéfín, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ìyá Alágboòrùn bi Yésúfù pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Yésúfù wo Ọ̀gá tó jókòó lápá kan. Ó bọ́ kóòtù funfun rẹ̀, ó fi í lé ẹ̀yìn àga, ó sì dìde dúró.

"Màámù, irọ́ ni mo pa fún yín," ni ó wí ní èdè òyìnbó. Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, gbólóhùn kan ní èdè yìí, gbólóhùn kan ní èdè tọ̀hún, kó má bàa sí ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tí kò gbọ́. "Ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọmọ onílé tí ẹ jókòó sí yìí ni. Ebi ò pa á lọ́jọ́ náà, ebi ò sì pa á rí. Níbí, ẹni tó bá dáná ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kí àlejò lè mọ̀ pé ọkàn òun lè balẹ̀. Ohun tó ṣe fún yín, ìyá mi ṣe é, ìyá ìyá mi ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Ojú ló tì mí láti sọ ọ́ fún yín. Yésúfù ni orúkọ mi. Ojú ò tì mí mọ́."

Ojú Ìyá Alágboòrùn pọ́n wá, ó pọ́n dé ọrùn. Ó wá dìde. Ó pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé àwo rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, kò dúró de ògbufọ̀ kankan. Ó gbé àwo náà tọ Kúlúsúmù lọ níbi tó dúró sí, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ bó ṣe rí i tó ń kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó sì nà án sí i.

Kúlúsúmù wo bàbá rẹ̀. Àkíbù mi orí sí i pé kó ṣe é. Kúlúsúmù fa obìnrin náà dìde, ó bu òkèlè, ó fi run ọbẹ̀, ó jẹ ẹ́, kò kánjú.

"Ẹ kú àbọ̀ sí Ìbàdàn," ni ó wí. "Ẹ máa jẹun."

Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà, kí n má tàn yín. Òyìnbó jẹ ẹ́, onílé jẹ ẹ́, Ìyá Alágboòrùn ní gbogbo gbọ̀ngàn tí òun ti sọ èyí àkọ́kọ́ lòun máa padà sí láti sọ èkejì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọ̀gá ti dá Yésúfù dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ta ló tún máa gba ògbufọ̀ tó ti parọ́ gbọ́? Yésúfù ò bá a jiyàn. Òtítọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Ó wá sí Bẹyẹrúnkà lọ́jọ́ kejì nínú bùbá àti ṣòkòtò, láti dágbére. Kúlúsúmù ń gúnyán.

"Mò ń lọ sí Èkó," ni ó wí.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Èkó?"

"Mo fẹ́ lọ wáṣẹ́."

"Ṣé ẹ mọ iyán gún?"

"Rárá."

Kúlúsúmù gún iyán díẹ̀ sí i. "Ojú tì ọ́ lánàá," ni ó wí. "Mo rí i. Ṣùgbọ́n o ò sá. Ó kù díẹ̀ kí n máa sunkún, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ mi dí." Ó na ọmọ odó sí i. "Gba èyí. Má fi gún ẹsẹ̀ ara rẹ o, mi ò fẹ́ ọkọ aláàbọ̀ ẹsẹ̀."

Yésúfù gbà á. Bó ṣe gbé e sókè báyìí ló gún etí odó, Ràbíátù tó ń wò wọ́n láti inú ilé fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀rín má bàa jáde.

Àkíbù ò tètè yọ́nú. Ó jẹ́ kí Yésúfù gún iyán nílé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìròyìn ló yọ́ ọ nínú. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ aláàárù ibùdókọ̀ pé níbo ni ilé tí ẹni tó dáná ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ oúnjẹ wò ṣáájú àlejò wà. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà làwọn gbọ́ tí àwọn fi wá rí ìlú wa. Ọjọ́ tí Àkíbù gbọ́ èyí, ó rọra ń rẹ́rìn-ín lórí aṣọ tó ń rán títí di àsìkò ìrun. Lẹ́yìn ìrun ló pe Yésúfù, ó ní kó lọ sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n padà wá.

Wọ́n so yìgì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà. Àwọn àgbà Ọjà'ba wà, àwọn ará Bẹyẹrúnkà wà, Japheth wá láti Àrẹ̀mọ pẹ̀lú fìlà tuntun. Àáfà ṣàdúà, ó bi Yésúfù bóyá ó gba Kúlúsúmù ní aya, ó sì gbà. Ó wá yíjú sí Kúlúsúmù, ó bi í bóyá ó gba Yésúfù ní ọkọ.

Kúlúsúmù gbójú sókè wo Yésúfù. Ràbíátù fà á láṣọ.

"Ẹ forí jì mí, Àáfà," ni Kúlúsúmù wí. "Kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fi mí ṣe. Kó sọ ọ́ ní èdè òyìnbó, kó tún sọ ọ́ ní Yorùbá."

Ẹ̀rín gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yésúfù ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ ní èdè òyìnbó, jẹ́jẹ́, ó sì wò ó lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Yorùbá: "Mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàwó mi. Níbikíbi tí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, lójú ẹ tàbí lẹ́yìn ẹ, n ó dá a pẹ̀lú ọlá, mi ò sì ní fi í pamọ́ nítorí ẹnikẹ́ni."

Kúlúsúmù yíjú sí Japheth. "Tíṣà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ méjèèjì, ṣé ohun kan náà ló sọ?"

Japheth ṣí fìlà rẹ̀. "Ohun kan náà ni," ló wí. "Kò fi kún un, kò sì yọ kúrò níbẹ̀."

"Ó dáa," ni Kúlúsúmù wí. "Mo gbà á."